Gílóòbù Méjì Nínú Àpótí Ọmọ

Oṣù méje péré ni àkọ́bí mi lò nínú mi. Ọdún kejì tí mo wọlé ọkọ ni. Tíṣà ni èmi àti ọkọ mi. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ wa ní Òmù-Àrán, òun ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní fisíìsì. Ọmọ Òmù-Àrán ni, èmi wá láti Èsìẹ́, kò sì jìnnà. Wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn sì ni pé, níwọ̀n ìgbà tí olú-ìlú ti wà nítòsí wa ní Ìlọrin, iná mànàmáná kò ní pẹ́ dé. Wọ́n tiẹ̀ ti ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá. Ewúrẹ́ ń fi ara ha á. Kò tíì sí wáyà kankan lórí rẹ̀.

Ọkọ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ iná yìí ju oúnjẹ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé, yóò gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, yóò máa ṣàlàyé ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́la. Tíṣà ni mo ń pè é, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é. Fóltì, áḿpíà, óòmù, wáàtì: mo gbọ́ orúkọ wọn títí wọ́n fi dà bí àwọn ìbátan ọkọ tí n kò tíì fojú rí. Mo kàn máa ń dáhùn pé "Ẹn-ẹn," iṣu mi ni mo ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo dúró níwájú pátákó, mo ń kọ a, b, d fún àwọn ọmọ, ni omi já lára mi. Tíṣà obìnrin kejì sá lọ pe ọkọ mi. Kí ó tó dé, wọ́n ti gbé mi dé ilé ìgbẹ̀bí ìjọ.

Ilé ìgbẹ̀bí náà kò ju yàrá méjì lọ, fìtílà ni wọ́n ń lò. Agbẹ̀bí tó ń bójú tó o wá láti ìhà Oǹdó. Sísítà ni gbogbo wa ń pè é. Tí a bá ń sọ Ìgbómìnà láàárín ara wa, á ní kí a dúró ná, kí a sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú Bíbélì, a óò sì jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jáde, obìnrin ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìwọ̀n adìẹ kékeré kan lọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, igbe tín-ín-rín, ó sì dákẹ́. Sísítà fi òwú wé e láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù síta.

"Ó pé ní gbogbo ẹ̀yà ara," ó sọ fún ọkọ mi. "Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rá kankan lábẹ́ awọ. Ooru kò lè dúró lára rẹ̀. Òtútù ni mo ń bẹ̀rù fún un."

Ọkọ mi ní, "Ìlọrin ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́jú irú wọn sí níbẹ̀."

"Wọ́n ní in. Pẹ̀lú ọyẹ́ yìí, àti eruku ọ̀nà yẹn, Tíṣà, òkú la máa gbé débẹ̀."

Ìgò omi gbígbóná ni wọ́n fi yí i ká. Bí omi bá tutù, wọn á dà á nù, wọn á rọ òmíràn. Bí ó bá ti gbóná jù, wọn á tún sún un sẹ́yìn. Ọkọ mi dúró, ó ń wò wọ́n. Ojú tó fi ń wò wọ́n ni ojú tó fi ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá tí ọmọ kíláàsì kò ṣe dáadáa.

"Sísítà, kí ni ẹ̀rọ ti Ìlọrin yẹn ń ṣe gan-an?"

"Àpótí tó ń gbóná ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbígbóná tí kì í lọ sókè, tí kì í wá sílẹ̀."

"Báwo ló ṣe gbọdọ̀ gbóná tó?"

Sísítà mú ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ooru, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan lára rẹ̀. Ọkọ mi ní kí ó fún òun ní ọ̀pá náà, ó sì mú un jáde.

Káfíńtà ìjọ wa ni ó kọ́kọ́ lọ bá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kan àpótí pákó kan tó ní àjà méjì. Ọmọ yóò sùn ní òkè, gílóòbù yóò wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n lu ihò sára pákó àárín kí ooru lè máa gba ibẹ̀ gòkè láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń wọ ọmọ lójú. Gíláàsì fèrèsé kan ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Awakọ̀ lọ́rí kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yá a ní bátìrì méjì àti àwọn gílóòbù ọkọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé gbà pé kí ó gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kúrò ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Ó kó gbogbo rẹ̀ wá sí yàrá wa ní ilé àwọn tíṣà, Sísítà sì gbé ọmọ tẹ̀lé mi wálé. Ìyá ọkọ mi ti wà níbẹ̀. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé àyà ní ìhòòhò, ó fi ìborùn dì í mọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, kò mira, ó ń wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bó ṣe ń so wáyà.

Ọkọ mi ní iṣẹ́ tó ń lọ, ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀wé. Èmi ló kù tí yóò máa ka mítà. Bí mo ṣe kọ́ ohun tí mo ti ń dá lóhùn pẹ̀lú "Ẹn-ẹn" láti ọdún méjì nìyẹn, tí ọmú ń ro mí, tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kò tíì dá.

"Wo abẹ́rẹ́ yìí," ó ní. "Níbo ló dúró?"

"Lórí méjì."

"Áḿpíà méjì. Iye iná tó ń ṣàn nìyẹn. Bátìrì jẹ́ fóltì méjìlá, agbára tó ń ti iná náà nìyẹn. Fi méjì pín méjìlá."

"Mẹ́fà."

"Óòmù mẹ́fà. Bí gílóòbù ṣe ń dènà iná tó nìyẹn. Fi sọ́kàn. Wàyí o, méjìlá lọ́nà méjì?"

"Mẹ́rìnlélógún."

"Wáàtì mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn ni ooru tí ọmọ wa máa rí jẹ."

A bo gíláàsì, a dúró. Ooru ọ̀pá náà gòkè díẹ̀díẹ̀, kò sì dé ibi tí èékánná Sísítà tọ́ka sí. Mo ní kí ó fi gílóòbù kan kún un. Ó mú èkejì, ó tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí iná lè gba inú èkínní kọjá kó tó dé inú èkejì. Lójú mi, àwọn méjèèjì wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀yín iná tó fẹ́ kú. Abẹ́rẹ́ já wálẹ̀ sí ọ̀kan. Mo ké pé bátìrì ti bàjẹ́.

"Kò bàjẹ́," ó ní. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò lè ṣàìkọ́ ènìyàn, bí ilé tiẹ̀ ń jó. "Ìdènà méjì ni iná ń là kọjá báyìí. Mẹ́fà àti mẹ́fà, méjìlá. Fi méjìlá pín méjìlá, áḿpíà kan ṣoṣo. Méjìlá lọ́nà kan, wáàtì méjìlá. Gílóòbù di méjì, ooru wá di ìdajì. Tí ènìyàn bá ní láti gba ẹnu ọ̀nà tóóró méjì tó tẹ̀léra kó tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé a máa yára jáde?"

"Rárá."

"Tí a bá ṣí ilẹ̀kùn kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Ó tú wáyà náà, ó to gílóòbù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀ láti ara bátìrì. Wọ́n tàn yòò. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó sì dúró lórí mẹ́rin.

"Ṣe é," ó ní.

Mo ṣe é. Mo fi mẹ́rin pín méjìlá, óòmù mẹ́ta. Méjìlá lọ́nà mẹ́rin, wáàtì méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀pá ooru gòkè dé ibi èékánná, ó dúró síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi tú ìborùn, a gbé ọmọ náà sínú àpótí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti ń dúdú bọ̀ wá sí àwọ̀ pupa. Sísítà kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbàdúrà, a ṣe àmín.

Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn ní ìgbà ọyẹ́ yẹn. Bátìrì kan wà nílé, ọ̀kan wà ní ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣáájì bátìrì nítòsí gáréèjì. Lójoojúmọ́, kí ọkọ mi tó lọ síṣẹ́, yóò gbé èyí tó ti rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, yóò fi okùn rọ́bà dè é, yóò sì gbé èyí tó ti kún wálé. Omi bátìrì jẹ ṣòkòtò rẹ̀ ní ihò. Èmi fún ọmú sínú ife, mo ń fi ohun tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú kán an sí ọmọ lẹ́nu, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, mo máa ń yọ wáyà gílóòbù kan, abẹ́rẹ́ á padà sí méjì. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, n óò dá a padà.

Ọjọ́ kan wà tí mo wo mítà, abẹ́rẹ́ ti sún wá sí mẹ́ta, gílóòbù méjèèjì sì ń tàn. Ọkọ mi kò tíì dé. Mo jókòó, mo ronú. Òun ló ti sọ pé ìdènà gílóòbù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ìdènà bá jẹ́ mẹ́ta, tí ohun tó ń ṣàn jẹ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé agbára tó ń tì í ti di mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́ta, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ mi ń jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ni. Mo pe ìyá ọkọ mi pé kí ó gbé e sí àyà, mo ránṣẹ́ sí ọkọ mi, àwa méjèèjì sì wé aṣọ mọ́ ọn títí ó fi gbé bátìrì tuntun wọlé. Mo ka ìṣirò náà fún un bí mo ṣe ṣe é. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bátìrì lápá, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ó ní, "Mama, ẹ gbọ́! Ìyàwó yín ti di tíṣà girama."

Ìyá rẹ̀ fi Ìgbómìnà dá a lóhùn pé kí ó gbé bátìrì sílẹ̀ kó tó máa yangàn.

Ọmọ náà ń sanra díẹ̀díẹ̀. Pásítọ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Sísítà ń wá wọ̀n ọ́n, ó ń fi orí jẹ́rìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún bọ̀. Ó ń la ojú, ó ń wá ibi tí ohùn mi ti ń wá. Ó máa ń di ìka kékeré ọwọ́ mi mú, tí n kò bá sì ṣọ́ra, n kò ní lè yọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rò nípa ọjọ́ tí n óò pọ̀n ọ́n lọ sí Èsìẹ́ lọ fi han ìyá mi. Mo ti mọ aṣọ tí n óò wọ̀.

Ọyẹ́ ti ń parí lọ nígbà tó kọ ọmú. Mo kán an sí i lẹ́nu, ó ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́. Mo rò pé ó yó ni. Nígbà tó di ìgbà kejì, ó bì í, ohun tó bì sì ní àwọ̀ ewé. Ikùn rẹ̀ le, ó ń dán. Wọ́n ránṣẹ́ sí Sísítà. Ó fi ìka méjì tẹ ikùn náà, kò sì wo ojú mi.

"Ìlọrin," ó ní. "Ẹ wá ọkọ̀. Ọyẹ́ kọ́ ni ìṣòro wa mọ́."

Ọkọ mi sá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tó ní mọ́tò. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ti mọ́tò náà níta, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kọ̀, tó ń kọ̀, tó wá gbà. Mo ti di ẹrù. Ìyá ọkọ mi ṣí gíláàsì láti gbé ọmọ, ó tẹ̀ síwájú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìgbé e. Ó pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Sísítà rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé etí lé àyà ọmọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fa aṣọ bò ó lójú.

N kò ké. Ojú mi lọ sí ara mítà, nítorí ibẹ̀ ni ojú mi ti mọ̀ ọ́n lọ. Abẹ́rẹ́ dúró lórí mẹ́rin. Gílóòbù méjèèjì ń tàn. Ọ̀pá ooru wà ní ibi tí èékánná tọ́ka sí gẹ́lẹ́. Kò sí ohun kan nínú àpótí yẹn tí kò ṣiṣẹ́.

Ọkọ mi wọlé, ó ní, "Mọ́tò ti gbà o, ẹ gbé e wá."

Àwọn àgbà ilé ọkọ mi wá gbé e lọ. Wọ́n ní kí èmi àti bàbá rẹ̀ má tẹ̀lé wọn, pé a kì í jẹ́ kí ìyá ọmọ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, mo sì mọ̀ pé wọ́n rò ó re. Mo dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun. Ọmú mi ń ṣàn gba ara bùbá. Kò sí ẹni tó yọ wáyà àpótí náà. Ó ń tàn lásán nínú yàrá títí bátìrì fi kú fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ tí ọkọ mi ń dá rìn nínú yàrá náà lẹ́yìn tó bá tibi iṣẹ́ dé. Mo lọ wò ó. Ó ti gbé bátìrì tó kún wá. Ó tún gbogbo wáyà so bó ṣe wà, ó tan gílóòbù, ó ń ka abẹ́rẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn: mẹ́rin, mẹ́ta, méjìdínláàádọ́ta. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe, ó tún kọ ohun kan náà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé mítà mìíràn wá láti ilé ìwé, ó ní bóyá ti àkọ́kọ́ ni kò pé. Ohun kan náà ló kà. Ó yí ọ̀pá ooru padà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sínú àpótí, ó jókòó síbẹ̀, apá rẹ̀ wà nínú ibi tí ọmọ ń sùn sí.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́. Ó tó."

"Ó ní láti jẹ́ pé ó níbi tí mo ti ṣì í."

Èmi ni mo lọ bẹ Sísítà pé kí ó wá bá a sọ̀rọ̀. Ó wá, ó jókòó sórí ibùsùn wa, ó sì sọ ọ́ fún un láìfi epo bọyọ̀.

"Tíṣà, òtútù kọ́ ló pa á. Ara rẹ̀ gbóná bó ṣe yẹ títí dé òpin. Ìfun rẹ̀ ni kò tíì gbó. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Kò sí ohun tí iná lè ṣe sí ìyẹn, kódà ti Ìlọrin."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọkọ mi yíjú sí àpótí náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sísítà, ìbá sàn kí ẹ ní mo ṣìṣirò. Bí ìṣirò mi bá burú, mo mọ ohun tí mo máa ṣe: màá pa á rẹ́, màá tún un ṣe. Èyí tó wá pé yìí, kí ni kí n ṣe sí i?"

Sísítà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá tó ga tó yẹn sunkún bí ọmọdé lórí ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó sunkún.

Ó padà sí kíláàsì. Ó kọ́ wọn ní iná mànàmáná nígbà tó kan orí rẹ̀, kò sì fò ó. Èmi ni mo máa ń bá a tún ìbéèrè ìdánwò kọ nítorí ọwọ́ mi dára ju tirẹ̀ lọ, mo sì rí i. Áyọ̀nù ló wà níbẹ̀, rédíò ló wà níbẹ̀, fóltì mẹ́fà, fóltì igba ó lé ọgbọ̀n. Fóltì méjìlá kò sí níbẹ̀ mọ́. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, n kò rí i nínú ìbéèrè rẹ̀ kankan.

Ọyẹ́ ọdún kejì, obìnrin àgbẹ̀ kan láti Òkè-Onígbìn bímọ láìpé oṣù ní ilé ìgbẹ̀bí. Sísítà wá sílé wa. Kò jókòó. Ó wo ọkọ mi, ó wo èmi, ó sì ní, "Mo mọ bí ohun tí mo fẹ́ bèèrè ṣe wúwo tó."

Àpótí náà wà lábẹ́ ibùsùn wa, mo ti fi aṣọ bò ó. Èmi ni ọkọ mi ń wò. Mo ro ti ọmọ mìíràn tí yóò sùn síbẹ̀, mo sì ro ti èyí tó ń tutù lọ báyìí nínú òwú. Mo fa àpótí náà jáde fúnra mi. Ihò ara pákó àárín ti ní aláǹtakùn, mo fi aṣọ ara mi nù ún. Ọkọ mi gbé e lé alùpùpù, ó lọ so wáyà fún wọn. Ó kọ́ ọkọ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń ka abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà kò lọ ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n ó mọ mẹ́rin, ó sì mọ mẹ́ta, ó jókòó ti àpótí náà bí ẹni ń ṣọ́ ebè iṣu.

Ọmọ tiwọn yè.

Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n gbé e wá kí wa, pẹ̀lú iṣu àti ẹ̀wà. Ọmọ náà sanra, ó ti ń rá, ó ń fa aṣọ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi gbé e, Mama, ẹ̀yin lẹ ni ín." Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi sì kọ̀ láti di í mú. Ọkọ mi ló gbà á. Ó gbé e sókè, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá imú rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ wo omi tí mo gbé kaná. Kò sí omi kankan lórí iná. Ẹ̀yìnkùlé ni mo dúró sí títí wọ́n fi lọ, obìnrin náà sì wá bá mi níbẹ̀ kí ó tó lọ. Ó kan dúró tì mí, ó fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ìyá kan sí èkejì.

Nígbà tó yá, iná dé ìlú wa lóòótọ́. Wọ́n fa wáyà sórí òpó, wọ́n fà á wọ ilé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tàn án, ariwo gba gbogbo àdúgbò, àwọn ènìyàn ń jó lójú títì, àwọn ará ilé ń sáré láti yàrá dé yàrá láti tẹ bọ́tìnì. Mo ti lóyún mìíràn nígbà náà. Aládùúgbò wa kan yọjú, ó ní, "Tíṣà! Ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá dé! Ẹ ò jáde ni?"

"Mo ń bọ̀," ọkọ mi ní. Kò dìde. Ó gbójú sókè sí gílóòbù tí wọ́n so mọ́ àjà pálọ̀ wa.

"Ọgọ́ta wáàtì," ó sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Ó fi méjìlá ju tirẹ̀ lọ."

A bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbogbo wọn lóṣù pípé. Méjì wà ní Èkó, wọ́n ń wálé fún Kérésì àti ìnáwó ẹbí. Àbíkẹ́yìn wà pẹ̀lú mi. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì, ó dá oko kékeré kan, ó sì ti lọ sinmi báyìí. N kò lè sọ pé ayé ṣe wá ní ibi. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú wa ni kò kúrò nínú yàrá yẹn.

Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò mọ ìyẹn. Nígbà ayé ọkọ mi, bí a bá débẹ̀, wọ́n á ní ọmọ mélòó ni a ní. Èmi a ní mẹ́ta. Ọkọ mi a ní mẹ́rin. Ẹni tó ń bèèrè á wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò bá ara wa jà lórí rẹ̀ rí, kò sí ẹni tó sì yí èsì rẹ̀ padà.

Ní oṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi mú mi lọ wo ojú. Nọ́ọ̀sì kékeré kan jókòó, ó ní, "Mama, ọmọ mélòó ni ẹ bí?"

Mo ní, "Mẹ́rin."

Ọmọ mi yí ojú padà wò mí.

"Àkọ́bí yín ńkọ́, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni," mo ní.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bi mí léèrè irú oògùn tí mo ń lò.